Ọjọ́ kan náà ń padà, ṣé aró á ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀?

Oníkámẹ́rà Kútọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo nílò ìmọ̀ràn yín kí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi tó di ọ̀tá.

Àwa mẹ́rin la ń ya fíìmù kékeré kan níbí, l'Abẹ́òkúta. Fóònù la fi ń yà á, owó ọwọ́ wa ò sì ju ti ọkọ̀ àti oúnjẹ lọ. Ìtàn náà dá lórí aláró kan ní Ìtòkú. Ó jí láàárọ̀, ó rẹ aṣọ, oníbàárà kan wá bá a jà, ó sùn. Ìgbà tó máa jí, ọjọ́ àná náà ló tún bá. Oníbàárà yẹn tún dé, ìjà yẹn tún bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé, ibi ọjọ́ kejì la wà nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ òṣèré wa dúdú títí dé ọrùn ọwọ́. Aró gidi ni, ọṣẹ ò ràn án. Ọ̀kan nínú wa ní kò burú, ṣebí ó rẹ aṣọ lánàá. Èkejì ní irọ́ ni, bí ọjọ́ bá ti padà, àná ò ṣẹlẹ̀ mọ́, ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta wá ní tí aró bá lè kúrò lọ́wọ́, kí ló dé tí àná ò kúrò lọ́pọlọ, báwo ló ṣe ń rántí? Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọhò. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni àwọn tó ń ṣe irú fíìmù yìí ṣe ń ṣe é? Ṣé dandan ni ká sọ ohun tó fà á?

Ọmọ Láfẹ́nwá

Kí lẹ tún ń wá fíìmù sí? Iná ni kẹ́ ẹ wò. Aago méje àná ni wọ́n mú un, aago méje òní ni wọ́n tún mú un. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó fà á fún àwa náà.

Fíìmù Lóúnjẹ Mi

Kò di dandan kẹ́ ẹ sọ ohun tó fà á. Groundhog Day tó jáde ní 1993 ò sọ ọ́ rárá. Bill Murray ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, tó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kékeré kan, Punxsutawney, ní Pennsylvania. Aago mẹ́fà àárọ̀ 2 Fẹ́búárì ló ń jí sí ṣáá. Ó kú, ó tún jí ní mẹ́fà. Ara ẹ̀ padà, ìlú padà, àwọn èèyàn padà, ohun tó mọ̀ nìkan ni kò padà. Ibi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ó ráyè kọ́ dùrù. Ìka àná ló fi ń tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ìka náà ń mọ̀ ọ́n sí i! Kò sẹ́ni tó bínú dìde nídìí fíìmù náà nítorí ìyẹn. Ẹ fi òfin kan lélẹ̀, ẹ má yẹ̀ ẹ́, àwa òǹwòran á tẹ̀ lé yín.

Tí ẹ bá sì máa sọ ohun tó fà á, kó níṣẹ́ tó ń ṣe. Nínú Edge of Tomorrow ti 2014, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dá àjèjì kan ló dà sí Tom Cruise lára, ló wá di pé gbogbo ìgbà tó bá kú ló ń padà sí ọjọ́ tó ṣáájú ogun. Nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí i lára, agbára náà lọ. Ohun tó mú un wọlé náà ló mú un jáde.

Tíṣà Físíìsì

Ọ̀rẹ́ yín kẹta ló mú ọ̀rọ̀ níbi tó ti dùn ún. Ọpọlọ náà ẹran ara ni. Tí gbogbo nǹkan bá padà sí bó ṣe wà láàárọ̀, ó yẹ kí ìrántí náà padà. Sáyẹ́ǹsì ò ní ìdáhùn kankan fún ìyẹn, àdéhùn òǹkọ̀tàn àti òǹwòran lásán ni.

Irú kejì wà tí kò ní ìṣòro yìí. Níbẹ̀, nǹkan kan ò padà, èèyàn ló rìn padà lọ bá àná. Timecrimes, fíìmù àwọn ará Sípéènì ti 2007, irú ẹ̀ ni: ọkùnrin kan padà sẹ́yìn bíi wákàtí kan, ẹni tó ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ni. Ní irú èyí, aró á wà lọ́wọ́ dáadáa. Àmọ́ aláró méjì lẹ máa ní nínú ilé. Kódà ní 1949, Kurt Gödel, onímọ̀ ìṣirò kan, fi ìṣirò Einstein hàn pé ọ̀nà kan lè yí po títí tá a fi padà bá àná. Kìkì pé ayé inú ìṣirò náà ń yí bí òkòtó ni, a ò sì rí àmì pé tiwa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Aláró

O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Aró ni mo fi ń jẹun. Ẹ má fi kẹ́míkà ha ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ o. Ọjọ́ ló ń jẹ aró kúrò, díẹ̀díẹ̀, abẹ́ èékánná ló sì ń pẹ́ jù.

Ṣé o mọ̀ pé aṣọ kì í dúdú lẹ́ẹ̀kan? Tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú wa. Tá a bá fẹ́ kó dúdú dénú, a ó rì í, a ó sá a, a ó tún un rì. Èmi ò mọ físíìsì. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi, aṣọ á máa funfun láràárọ̀, ọwọ́ ẹ̀ á máa dúdú sí i. Ṣebí àwọn àgbà máa ń kọ àmì sára àbíkú, kí wọ́n lè dá a mọ̀ tó bá tún dé? Ohun kan ní láti bá a padà.

Tíṣà Físíìsì

Ẹ ṣeun, Mà. Ìyàtọ̀ díẹ̀ wà o: ti àbíkú, ọmọ ló ń padà, ìyá ń dàgbà lọ ní tiẹ̀, ìyá ló sì ń rántí. Nínú fíìmù, gbogbo ayé ló ń padà, ẹnì kan ló ń rántí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn dáa ju gbogbo àlàyé tèmi lọ.

Fíìmù Lóúnjẹ Mi

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí! Nínú Happy Death Day ti 2017, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ni wọ́n ń pa lọ́jọ́ ìbí ẹ̀. Ó ń jí padà lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó dé ọsibítù, wọ́n bá ìpalára àwọn ikú àtẹ̀yìnwá nínú ara ẹ̀. Ẹ̀rù wá bà wá, torí àjíǹde náà lè tán. Oníkámẹ́rà, tí aró bá gun apá ẹ̀ dé ọrùn ńkọ́?

Oníkámẹ́rà Kútọ̀

Mà, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tíṣà, ẹ ṣeun. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka ti ọrùn yẹn.

A ti jókòó sọ ọ́. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ nígbà tá a ya ọjọ́ kìíní, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ọwọ́ dúdú tó ní báyìí, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn la máa fi yà. Bí aró bá ṣe ń ṣí la ó máa ya padà sẹ́yìn, títí a ó fi dé ọjọ́ kejì.

Ìṣòro kan ló kù. Bọ̀ọ̀dá tó ṣe oníbàárà gé irun lánàá.

Ọmọ Láfẹ́nwá

Ẹ dé e ní fìlà.

Oníkámẹ́rà Kútọ̀

Kò dé fìlà lọ́jọ́ kìíní, tiẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí bákan náà lójoojúmọ́. Tá a bá dúró kí irun hù, aró á ti tán lọ́wọ́ aláró.

Ìyá Aláró

Ìkòkò mi wà níbí. Ẹ mú un wá.