Kókó aláìtànká, kì í ṣe aláìléwu

Ẹ̀gbọ́n, mo rí àbá yín pé, lédè Yorùbá, ká máa pe kókó inú eegun ọrùn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ní "kókó aláìléwu". Ẹ jọ̀wọ́, n kò lè gbà á. Ẹ wo èyí tí àwọn dókítà ń pè ní osteoid osteoma, tí dókítà kan tó ń jẹ́ Jaffe ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1935. Kì í sábà fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1.5 lọ. Síbẹ̀, òru ni ìrora rẹ̀ máa ń le jù: ẹni tó ní in á ta jí, á di ẹ̀yìn ọrùn mú, á wá aspirin lò, ìrora á rọlẹ̀, ó di òru ọjọ́ kejì. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la fẹ́ wí fún pé ohun tó ń ṣe é kò léwu?

Ẹlòmíì ní ká pè é ní "kókó tí kì í ràn". Àrùn tó ń ràn ni èyí tí èèyàn ń kó lára ẹlòmíì. Jẹjẹrẹ gan-an kì í ràn. Tàn ni ọ̀rọ̀ tá à ń wá. Jẹjẹrẹ a máa tàn dé ẹ̀dọ̀fóró, kókó yìí kì í kúrò níbi tó ti hù. Kókó aláìtànká ni mo fara mọ́.

Ní ti "ẹ̀fọ́rí àìmọ̀dí", tí àwọn kan fẹ́ ká máa pe ẹ̀fọ́rí tí irú kókó ọrùn yìí lè fà, ọ̀dọ̀ wa ni àìmọ̀ yẹn wà, kò sí lára ẹ̀fọ́rí. Eegun ọrùn, 7 ni. Iṣan ìmọ̀lára 3 àkọ́kọ́ tó jáde lókè níbẹ̀ ń pàdé èyí tó ti ojú àti iwájú orí wá. Bí kókó bá ń yọ àwọn iṣan òkè yìí lẹ́nu, ọpọlọ lè gbà pé iwájú orí ló ń ké, nígbà tó jẹ́ pé ọrùn ni.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ràn "ẹ̀fọ́rí àtọrùnwá". Ó kúrú, ó sì dùn ún pè. Àmọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe lórí fóònù: "atorunwa". Àtọ̀runwá ni òǹkàwé máa kà! Á ní wọ́n bí i mọ́ òun ni, á máa pa á mọ́ra, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n yẹ ọrùn òun wò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní gígùn: ẹ̀fọ́rí tó ń ti ẹ̀yìn ọrùn wá. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú, tí kò sì ní ṣini lọ́nà, kó mú un wá.