Tí ẹnì kan bá gbẹ̀bùn nílé ẹ̀kọ́ orin wa, orúkọ ta ló yẹ kó jáde nínú ìròyìn?

Adùkẹ́Alto:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kó ìròyìn jọ nílé ẹ̀kọ́ orin yunifásítì wa, àwọn tó gbẹ̀bùn, àwọn tó ríṣẹ́ sí ọ́kẹ́sítírà, àwọn olùkọ́ tó gbé àwo jáde. Sáà tó kọjá mo kọ ọ́ pé ọmọbìnrin wa kan gba ipò kejì nínú ìdíje àwọn akọrin, inú gbogbo èèyàn dùn, àfi ọmọkùnrin tó tẹ pìánò fún un. Kò jà o, ó kàn ní "Àǹtí, ẹ ò dárúkọ mi," ó bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi torí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin yẹn fo odindi ìlà kan nínú orin kejì, kí n tó mí, ọwọ́ ọmọ yẹn ti fò bá a, orin ò dúró rárá. Ṣé ká máa dárúkọ gbogbo wọn ni? Àwọn tí wọ́n já ní ìpele kejì náà ńkọ́?

Agbéfayolíìnì:
Ẹ dárúkọ ẹ̀ jàre, kẹ́ ẹ sì tún ti sáà tó kọjá ṣe. Beethoven fúnra ẹ̀, nígbà tí Kreutzer Sonata ẹ̀, orin tó kọ fún pìánò àti fayolíìnì, jáde lọ́dún 1805, pìánò ló kọ́kọ́ wà lára àkọlé ẹ̀ kó tó kan fayolíìnì. Èmi tí mò ń ta fayolíìnì ni mò ń sọ ọ́ yìí o.

OhùnÌsàlẹ̀:
Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá to orúkọ ogún èèyàn síbẹ̀, ta ló máa kà á? Ẹni tó kọrin, ẹni tó tẹ pìánò, olùkọ́ wọn, ó tó. Kẹ́ ẹ sì sọ orin tí wọ́n kọ, torí "ipò kejì" lásán ò sọ nǹkan kan fún wa.

BàbáPìánò:
Ní ti àwọn tó já, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Níbi ìdíje pìánò Chopin ní Warsaw lọ́dún 1980, wọ́n yọ Ivo Pogorelich kó tó dé àṣekágbá, inú bí Martha Argerich, tó gba ipò kìíní níbẹ̀ lọ́dún 1965, débi pé ó fi ìjókòó adájọ́ sílẹ̀. Pogorelich yẹn náà ló wá di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè o, torí ọgbẹ́ àwọn míì ṣì tutù, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Adùkẹ́Alto:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pe ọmọ tó tẹ pìánò náà láàárọ̀ yìí, mo ní kó kọ orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ tàmìtàmì kí n má baà ṣì í kọ. Òun ló máa ṣáájú nínú ìròyìn sáà yìí.