Abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn gún ọmọ mi lórí ààtàn: ta ni kí n fẹjọ́ sùn?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Lánàá, ní Ògbómọ̀ṣọ́, abẹ́rẹ́ tí ilé ìwòsàn aládàáni kan dà sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé wa gún ọmọ mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ṣì wà nínú síríńjì náà. Mo fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, dókítà sì ti fún un ní oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV, èyí tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, tí yóò sì lò fún ọjọ́ 28. Inú páálí líle tí abẹ́rẹ́ kò lè gún jáde ló yẹ kí wọ́n kó o sí, kì í ṣe inú láílọ́ọ̀nù dúdú! Ṣé ìjọba ìbílẹ̀ ni kí n fẹjọ́ wọn sùn, àbí iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́? Ẹ̀rí wo ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ mi?