“Ìràjà” kọ́, “ìrajà” ni. Síbẹ̀ kò tó

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Yábàá dábàá pé kí a máa pe iṣẹ́ àwọn tó ń wá oògùn àti irinṣẹ́ fún ilé ìwòsàn ìjọba (“procurement” lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní “ìràjà”, kí àwọn tó ń kó wọn wá (“supplier”) sì máa jẹ́ “alágbàtà ilé ìwòsàn”. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ohùn. “Mo rà á” là ń wí, ṣùgbọ́n “mo ra iṣu” ni, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ orí ọ̀rọ̀-ìṣe a máa di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. Ta ló ń pe ilé ìtajà ní “ilé ìtàjà”?

Ìtumọ̀ ló dùn mí jù. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí procurement ní 2007 kò mọ sórí ọjà: ó kan ilé kíkọ́, ó sì kan iṣẹ́ tí a ń gbé fún ènìyàn ṣe. Ọjà wo la rà nígbà tí a gba ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ amúnáwá yàrá iṣẹ́ abẹ? Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń ka iye oògùn tó kù nílẹ̀, kò sì parí títí oògùn fi dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin ń rọbí ní ilé ìwòsàn ìjọba kan, nọ́ọ̀sì kọ ìbọ̀wọ́, òwú àti abẹ́rẹ́ oxytocin sínú ìwé pélébé, ó ní, “Kò sí nílẹ̀, ẹ lọ rà á wá níta.” Ọkọ rẹ̀ sáré sọdá títì, ó gbé abẹ́rẹ́ náà bọ̀ nínú ọ̀rá dúdú, nínú oòrùn ọ̀sán. Oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ nìyẹn, inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló sì yẹ kó wà, kí agbára rẹ̀ má baà dín kù. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ẹni tó ń kó o wá ti dáwọ́ dúró, nítorí owó ọ̀pọ̀ oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé a kò rà á. Ẹni tó bá ní “ìrajà” tó, kó dá mi lóhùn.

Ní ti “alágbàtà”, gbogbo wa la mọ ẹni tí í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Bí a bá pe ẹni tó ń kó oògùn wá bẹ́ẹ̀, a ti dá a lẹ́bi kó tó já ẹrù. Ìyá mi àgbà tajà ní Òkè Àrìn, “oníbàárà mi” ló sì ń pe ẹni tó ń kó ìrẹsì wá fún un. Yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò kó tó sanwó, kì í sì í yẹ àdéhùn ọjọ́ tó dá. Bí ìrẹsì bá wọ́n, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń já a sí.

“Ìpèsè” àti “olùpèsè” ni mo fara mọ́. Bàbá wa tó wà ní Mushin ní ìpèsè ni ẹbọ tí a ń gbé fún àwọn ìyá, ìyẹn àwọn àjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n a ń pèsè oúnjẹ fún àlejò, kò sì sẹ́ni tó ń sá. Ẹni tó sì ní “apèsè” ló yẹ wá, pé “olù-” ti ga jù fún ẹni tó ń tajà, ṣé kò gbọ́ “olùtajà” rí ni?