Ewì àtijọ́ fáwọn ọmọ, ọ̀dọ̀ ta ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ káwọn ọmọ mi mọ ewì Yorùbá àtàwọn tó kọ ọ́, orin orí fóònù nìkan ni wọ́n mọ̀, ó sì ń dùn mí. Ta ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Òkè-Àdó: J.F. Ọdúnjọ ni o! "Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́" inú ìwé Aláwìyé, kíá lọmọdé máa há a sórí. Lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ wá mú Adébáyọ̀ Fálétí, bàbá tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV níbí n'Ìbàdàn, àwọn ewì tiẹ̀ gùn, ìtàn ló máa ń wà nínú ẹ̀, ẹ rọra máa kà á díẹ̀díẹ̀ fún wọn.

Bọ̀dá Ṣáńgó: Tíṣà, ẹ ò dárúkọ Ṣóbò Aróbíodu! Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ewì àrófọ̀ ló ń kọ, ohùn orin Orò ló sì gbé e kà, ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá pọ́ńbélé. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ewì létí ná, ẹ gbé Láńrewájú Adépọ̀jù àti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ sí i fún wọn, ewì tí wọ́n ń ké sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ó wọni lára gan-an.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ń lọ wá Aláwìyé ní Dùgbẹ̀ lọ́la.