Ṣé ìyá mi tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ lè fi ohùn ṣí ilẹ̀kùn láti orí àga wọn?

Àdùkẹ́ Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ilé ìyá mi ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ni mo gbé wá síwájú yín. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 78, orúnkún ń dùn wọ́n, tí ẹnikẹ́ni bá sì kan ilẹ̀kùn, ó di kí wọ́n fara ti ògiri kí wọ́n tó lè rìn dé ibẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú níbi tí wọ́n ti ń yára lọ ṣílẹ̀kùn fún ọmọbìnrin tó máa ń wá bá wọn dáná. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́.

Mo ra smart lock kan tó ń lo ìtẹ̀ka àti nọ́ńbà, tó sì ń bá app TTLock ṣiṣẹ́, mo tún fi Echo Dot kan ránṣẹ́ sílé, ìyẹn ẹ̀rọ agbọ́hùn kékeré ti Amazon tí à ń pe Alexa láti fi pàṣẹ fún un. Èrò mi ni pé kí Màmá jókòó sórí àga wọn nínú pálọ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí ilẹ̀kùn sì ṣí. Ẹni tó bá wa fi kọ́kọ́rọ́ náà sára ilẹ̀kùn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ìtẹ̀ka ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Alexa kò rí kọ́kọ́rọ́ náà rárá. Kí ló kù tí a kò ṣe? Ṣé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ìwọ̀nba lọ lè lò ó? Ẹ̀rù olè náà sì ń bà mí: tí ẹnìkan bá dúró sẹ́yìn fèrèsé, tó sì pariwo pé kí ilẹ̀kùn ṣí ńkọ́?

Oníkọ́kọ́rọ́ Ìkẹjà

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, Àǹtí Àdùkẹ́. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni mo ń ṣe, mo sì ti fi irú èyí tí ẹ rà sí ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Gateway ni kò sí níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó máa ń so kọ́kọ́rọ́ pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bluetooth nìkan ni púpọ̀ nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ tó ń lo TTLock ní, wọn kò ní Wi-Fi, wọn kò sì lè dá bá Alexa sọ̀rọ̀. Nígbà tí Màmá bá sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀, Echo yóò gba ohùn wọn, yóò fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Amazon lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Amazon yóò fi àṣẹ náà ránṣẹ́ sí ti TTLock, ti TTLock yóò dá a padà sínú ilé yín nípasẹ̀ gateway, ìgbà náà ni gateway yóò wá fi Bluetooth sọ fún kọ́kọ́rọ́ pé kó ṣí. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí ilẹ̀kùn yóò rin ìrìn àjò òkè òkun kó tó dé ibẹ̀, ibikíbi tí ọ̀nà náà bá sì ti já, ilẹ̀kùn kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ ra gateway ti TTLock (G2 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà), kí ẹ fi sí ibi tí kò ju mítà 10 lọ sí ilẹ̀kùn, kí ògiri má sì pọ̀ láàárín wọn. Wi-Fi 2.4 GHz nìkan ló ń lò. Tí router Màmá bá pa Wi-Fi 2.4 GHz àti 5 GHz pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn tó fi odidi ọjọ́ kan ṣòfò. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ibi ètò kọ́kọ́rọ́ lórí app TTLock, kí ẹ tan Remote Unlock, torí pé bí kò bá sí ní títàn, àṣẹ láti òkèèrè kò ní wọlé. Ẹ wá lọ sórí app Alexa, ẹ tan skill TTLock (ohun tó ń jẹ́ kí Alexa lè bá TTLock ṣiṣẹ́), ẹ fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ń lò lórí TTLock wọlé, kí ẹ sì ní kí Alexa wá ẹ̀rọ tuntun.

Tó bá ti rí i, yóò lè ti ilẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n yóò kọ̀ láti ṣí i. Ẹ má ṣe rò pé ẹ ṣe àṣìṣe. Amazon ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó tan ìṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ohùn níbi ètò kọ́kọ́rọ́ náà lórí app Alexa, kí ẹ sì yan PIN onínọ́ńbà mẹ́rin, èyí tí Alexa yóò máa béèrè kó tó ṣílẹ̀kùn. Èyí dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè yín nípa olè: ẹni tó bá pariwo láti ẹ̀yìn fèrèsé láìmọ PIN kò ní rí ilẹ̀kùn ṣí. Kí PIN yìí má ṣe jẹ́ nọ́ńbà tí ẹ ń tẹ̀ lára ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Router, gateway àti Echo, iná ni gbogbo wọn ń jẹ. Tí iná bá lọ tí wọn kò sí lórí inverter, ohùn Màmá kò lè ṣí nǹkan kan. Bí inverter kò bá sí, UPS kékeré tí wọ́n ń ṣe fún router yóò gbé router ró fún wákàtí díẹ̀, ẹ sì wá èyí tó lè gbé gateway náà. Kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ní bátìrì tirẹ̀, nítorí náà ìtẹ̀ka, nọ́ńbà àti kọ́kọ́rọ́ onírin yóò máa ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Bátìrì alkaline ni kí ẹ fi sí i, ẹ má fi èyí tí a ń gba iná sí, torí pé fólítì rẹ̀ kéré sí ti alkaline, kọ́kọ́rọ́ kò sì ní lè sọ bó ṣe kù gan-an.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti ṣe irú èyí fún bàbá mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ èdè ni èmi yóò sọ. Alexa kò gbọ́ Yorùbá, Google Assistant náà kò gbọ́ ọ. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ni irú nǹkan yìí ì bá wúlò fún jù, àwọn náà ni kò sì gbọ́ èdè tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Mo kọ́kọ́ sọ ilẹ̀kùn bàbá mi ní «ilẹ̀kùn iwájú» lórí app, pẹ̀lú ìrètí pé orúkọ lásán kò ní nira fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mú un rí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo yí i sí «door» nìkan, ọ̀rọ̀ tí bàbá mi níláti kọ́ kò ju mẹ́rin lọ: «Alexa, unlock the door». Wọ́n fi bí ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ. Ìró tó ń parí «unlock» ló yọ wọ́n lẹ́nu jù, torí pé Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. «Ọ́nlọ́ọ̀kì» ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ náà sì ń gbọ́ ọ tí wọ́n bá rọra sọ ọ́.

PIN tí mo rò pé yóò jẹ́ ìṣòro kò jẹ́ ìṣòro rárá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà wa, kódà àwọn tí kò lọ sí ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pe nọ́ńbà fóònù. Bí bàbá mi ṣe ń pe nọ́ńbà fóònù àbúrò wọn ni wọ́n ń pe PIN náà.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi, bí kò tilẹ̀ bá ti àwọn tó ṣáájú mu. Àwọn àgbà ni mo ń tọ́jú nílé wọn. Ẹni tí etí rẹ̀ ti ń di díẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí Màmá bá sì ń pe PIN fún Alexa nínú pálọ̀ ní ìgbà mẹ́rin lóòjọ́, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń gbọ́ nọ́ńbà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ tó ń gbé omi wá yóò ti mọ̀ ọ́n. Àṣírí tí a níláti pariwo kì í pẹ́ jẹ́ àṣírí.

Ibi tí ẹ bá gbé Echo sí náà ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà àti láti yunifásítì kan ní Tokyo fi hàn pé a lè tan iná lésà sí ojú ibi tí irú ẹ̀rọ yìí fi ń gbọ́ràn, kó sì gbà á bí ẹni pé ènìyàn ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe é láti ibi tó jìnnà tó mítà 110, wọ́n sì tún ṣe é láti inú ilé kan gba ojú gíláàsì fèrèsé ilé mìíràn. Kì í ṣe pé mo rò pé irú olè bẹ́ẹ̀ wà ní Bódìjà, àmọ́ kò ná wa ní kọ́bọ̀ láti gbé Echo jìnnà sí fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ibi tó jìnnà sí fèrèsé ni ohùn ará ìta kò ti ní tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí èmi yóò ṣe ni pé kí Màmá máa fi ohùn ti ilẹ̀kùn, nítorí títì kò gba PIN, kò sì sí ewu níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fi bọ́tìnnì kékeré ṣí i. Àwọn kọ́kọ́rọ́ kan wà tó ń gba rìmóòtù kékeré bíi ti mọ́tò, tí ènìyàn lè so mọ́ ọrùn tàbí kó fi sápò aṣọ. Kò bèèrè Gẹ̀ẹ́sì, kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè kan tó kù: ṣé ilẹ̀kùn onírin kò sí níwájú ilẹ̀kùn onígi náà? Tó bá wà, tí àgádágodo sì wà lára rẹ̀, Màmá yóò ṣì dìde. Ẹ sì rí i dájú pé wọ́n lè fi ọwọ́ lásán ṣí ilẹ̀kùn láti inú, láìsí bátìrì, láìsí iná, bí èéfín bá gba ilé.

Àdùkẹ́ Manchester

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa yóò bá wa dá ẹ̀mí àwọn òbí wa sí. Ilẹ̀kùn onírin wà níbẹ̀ lóòótọ́, n kò sì rántí rẹ̀ rárá títí tí Nọ́ọ̀sì fi béèrè. Mo pe Màmá lálẹ́ àná. Wọ́n gbà kí a máa ṣí i sílẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí ọmọbìnrin yẹn máa ń wá, kí ọmọ náà sì fi àgádágodo tì í kó tó lọ. Wọ́n ní àwọn mọ bí àwọn ṣe lè pe Alexa, àwọn gbọ́ ọ nílé ọmọ ọ̀rẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n rìmóòtù ló wù wọ́n jù. Mo ti yí èrò mi padà: ohùn fún títì, rìmóòtù fún ṣíṣí, n kò sì ní tan PIN Alexa rárá. Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́, ṣé gateway ṣì pọn dandan báyìí? Ṣé mo lè so rìmóòtù náà pọ̀ láti ibí?

Oníkọ́kọ́rọ́ Ìkẹjà

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì dára, mo gbà á. Gateway ṣì pọn dandan, torí pé láìsí i Alexa kò lè ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin náà kò sì ní lè ṣí i láti Manchester tí ọwọ́ Màmá kò bá tó rìmóòtù. Nọ́ńbà àlò-ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn ni ẹ lè máa fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin yẹn lórí WhatsApp láìsí gateway. Láàárín wákàtí 6 ló níláti lò ó.

Rìmóòtù, ẹ kò lè so ó pọ̀ láti ibẹ̀. Bluetooth ni wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́, nítorí náà ẹnìkan níláti dúró sí tòsí ilẹ̀kùn pẹ̀lú fóònù tó ní app náà. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo inú app bóyá kọ́kọ́rọ́ yín gba rìmóòtù, torí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà á. Nígbà tí ẹni náà bá sì so ó tán, kó jẹ́ kí Màmá jókòó sórí àga wọn gan-an, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti ibẹ̀ ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń dé ilẹ̀kùn.