Ẹkùn Ámúrì kì í ṣe “ẹkùn yìnyín”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo rí àbá yín pé kí a máa pe ẹranko Ámúrì yẹn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Amur leopard, ní “ẹkùn yìnyín” torí pé inú òtútù ló ń gbé. Ẹ má bínú, orúkọ yẹn ti ní ẹni tó ni ín. Ẹranko mìíràn, aláwọ̀ eérú onírù gígùn (snow leopard), wà lórí àwọn òkè Himaláyà. Òun ló yẹ. Inú igbó ni ti Ámúrì wà, ní Primorye ní Rọ́ṣíà àti ní Jilin àti Heilongjiang ní Ṣáínà. Irú kan náà ni òun àti ẹkùn tí àwọn ọdẹ wa ń kì ní olóòlà ijù. Irun ló yàtọ̀ jù: nígbà ooru kò ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, nígbà òtútù ó lè gùn tó 7.

Ẹnìkan ní táígà (tiger, ẹranko onílà gbọọrọ) ni “ẹkùn”, pé “àmọ̀tẹ́kùn” ni ká pe eléyìí. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi fìka lé táígà nínú ìwé àwòrán rẹ̀, ó ní, “Dádì, ẹkùn!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Táígà tí kò gbé ilẹ̀ wa rí ló gba orúkọ mọ́ onílé lọ́wọ́! Ní Primorye, àwọn méjèèjì jọ ń gbé igbó kan náà ni, ẹkùn a sì máa yẹra fún táígà. Báwo la ṣe fẹ́ kọ ìyẹn? Ẹkùn ń sá fún ẹkùn?

Ní ti àmọ̀tẹ́kùn, láti 2020 tí àwọn gómìnà mẹ́fà ti dá ẹ̀ṣọ́ wọn sílẹ̀, bí ẹ bá sọ fáwọn èèyàn pé àmọ̀tẹ́kùn Rọ́ṣíà kù bí 30 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, pé wọ́n ti lé ní 100 báyìí, wọ́n á bi yín pé ta ló gbà wọ́n síṣẹ́ lọ́hùn-ún.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ràn “ẹkùn ìlà-oòrùn”, torí ohun tí orientalis, orúkọ sáyẹ́ǹsì tí onímọ̀ ẹranko Schlegel sọ ọ́ ní 1857, túmọ̀ sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ará ilé wa á rò pé Ẹnúgu ló ti wá.

Ẹkùn Ámúrì ni mo kọ sínú àtòkọ ọ̀rọ̀ mi. Táígà ń jẹ́ táígà. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó tètè mú un wá kí n tó fi ránṣẹ́.